Wọ́n ti fi ọ̀dà pupa sàmì sí afárá onírin wa. Ta ló ni ín gan-an?

ỌmọẸ̀báOdò (Ajé, 8:40 alẹ́)

Òkun o, gbogbo ilé.

Mi ò ní dárúkọ ìlú, torí ọ̀rọ̀ náà ṣì wà níwájú àwọn àgbà. Ṣùgbọ́n ẹni tó bá ti gba ọ̀nà àárín Kàbà sí Ìyàgbà, tó wá yà wọ ọ̀nà oko rí, yóò mọ irú afárá tí mò ń sọ. Afárá onírin tóóró ni, ọkọ̀ kan ṣoṣo ló ń gbà lẹ́ẹ̀kan. Ẹni tó bá kọ́kọ́ tan iná mọ́tò ló ni ọ̀nà, ẹni tó wà lódìkejì á dúró dè é. Pákó ni wọ́n tẹ́ sílẹ̀ rẹ̀, irin onígun mẹ́ta-mẹ́ta ló duró lọ́tùn-ún lósì bí ọgbà. Nígbà tí a wà lọ́mọdé, inú yàrá la ti ń mọ ohun tó ń gba orí rẹ̀. Ọ̀kadà á ta pákó pàrà-pàrà, lọ́rì á lù ú gbàdà-gbàdà, ìyá àgbà á sì sọ pé, "Ọkọ̀ ọjà ti dé, ẹ dìde."

Lọ́sẹ̀ tó kọjá, àwọn tó ń wọn ilẹ̀ dé pẹ̀lú ẹ̀rọ ẹlẹ́sẹ̀ mẹ́ta wọn. Wọ́n fi ọ̀dà pupa fa X méjì sára irin tó wà lẹ́nu afárá, wọ́n sì kan èèkàn sínú oko ẹ̀gẹ́ bàbá kan lápá òkè odò. Ìrìn ìṣẹ́jú 10 ni láti ibẹ̀ dé afárá. A bi wọ́n léèrè. Wọ́n ní afárá kọnkéré ń bọ̀, ọkọ̀ méjì á lè pàdé lórí rẹ̀. A ní a dúpẹ́. A ní ti àtijọ́ ńkọ́? Ọ̀gá wọn ní ìyẹn ò sí nínú iṣẹ́ tí wọ́n gbé fún òun. Awakọ̀ wọn ló wá sọ fún mi ní kọ̀rọ̀, bó ṣe ń mu omi, pé gígé ni wọ́n máa ń gé irú rẹ̀, tí wọ́n á sì kó o lọ tà.

Àbámẹ́ta yìí ni ìpàdé ìlú. Ta ló ni afárá yẹn? Ṣé ó ṣì ṣe é tọ́jú? Ṣé ká jà fún un ni, àbí ká jẹ́ kó máa lọ? Ẹni tó bá mọ̀, kó bá mi sọ kí ọjọ́ tó pé.

ṢòkòtòDẹ́nìmù (Ajé, 8:52 alẹ́)

Kí wọ́n gé e. Mo sọ tèmi tán.

Àbújá ni mo wà. Kérésìmesì tó kọjá, wákàtí kan àti ààbọ̀ ni mo fi jókòó lẹ́nu afárá yẹn (mo mọ̀ ọ́n, ẹ má wulẹ̀ fi orúkọ ìlú pa mọ́) nítorí tírélà kan tó há sáàárín irin bí àgbàdo tó há sínú eyín. Ẹ tà á, kí ẹ fi owó rẹ̀ gbẹ́ kànga.

ÌyáẸlẹ́lùbọ́ (Ajé, 9:30 alẹ́)

Ọmọ ọmọ mi ló ń bá mi tẹ̀ ẹ́ o, tó bá ṣì kọ, òun ni kí ẹ bá wí.

Ìwọ ọmọ Àbújá yìí, o ò tíì tajà nídìí afárá rí, ìdí tó o fi ń sọ bẹ́ẹ̀ nìyẹn. Ọdún 19 rèé tí mo ti ń ta èlùbọ́ àti àkàrà níbẹ̀. Bí kajú bá ti bẹ̀rẹ̀ sí í wọlé, láti oṣù Kejì títí wọ oṣù Karùn-ún, tírélà ò lè gbé ẹrù kún gba orí pákó yẹn. Ẹnu afárá ni yóò ti já ìdajì. Àwọn ọmọkùnrin á gbé àpò lé èjìká, wọ́n á gbé e sọdá lọ́kọ̀ọ̀kan, wọ́n á tò ó sábẹ́ igi lódìkejì. Tírélà á wá máa rìn bọ̀ bí aboyún. Bó bá sọdá tán, wọ́n á tún kó gbogbo rẹ̀ padà sínú ọkọ̀. Iṣẹ́ wákàtí mẹ́rin ni, ìgbà tí wọ́n bá yára. Láàárín ìyẹn, awakọ̀ á jẹun, ọmọ ọkọ̀ á jẹun, alábàárù á jẹ ẹ̀ẹ̀mejì, oníkajú fúnra rẹ̀ ò ní lè lọ síbì kankan kí wọ́n má baà jí àpò gbé, òun náà á jẹ.

Mo mọ̀ pé ọ̀rọ̀ mi jọ ti ẹni tó ń gbàdúrà kí ọ̀nà má dáa. Mi ò gbà á ládùúrà. Àbúrò ọkọ mi ni tírélà ti sínú odò níbẹ̀, ọpẹ́lọpẹ́ pé ẹ̀ẹ̀rùn ni. Afárá tuntun dáa. Ṣùgbọ́n ẹ bi wọ́n pé bí ọkọ̀ bá ti yà gba oko ẹ̀gẹ́ lọ, àwa tí a tò sétí odò láti ọjọ́ yìí wá, níbo ni wọ́n fẹ́ kí a jókòó sí?

ẸnjiníàOwé (Ìṣẹ́gun, 7:05 àárọ̀)

Ẹ kú iṣẹ́, Ìyá wa.

ỌmọẸ̀báOdò, kí a tó mọ ẹni tó ni ín, jẹ́ ká mọ ohun tó jẹ́. Irú afárá onírin méjì ló wọ́pọ̀ lágbègbè wa. Ọ̀kan ni èyí tí wọ́n ń pè ní Bailey. Ọmọ Gẹ̀ẹ́sì kan, Donald Bailey, ló ṣe é nígbà Ogun Àgbáyé Kejì, kí àwọn sójà lè rí afárá kàn kíákíá. Férémù irin ni, ọ̀kan gùn ní ẹsẹ̀ bàtà 10, ó ga ní 5, ọkùnrin mẹ́fà lè gbé e. Irin ṣóńṣó la fi ń gún wọn pọ̀. Èyí kì í ṣe ohun tí a ń gé rárá, títú la ń tú u, a ó sì lọ tò ó síbòmíràn. Ẹni tó bá fi gáàsì gé Bailey ti ba ohun tó dáa jẹ́.

Èkejì ni èyí tí wọ́n fi rìfẹ́ẹ̀tì, ìyẹn ìṣó irin olórí róbótó, kàn. Ìyẹn dàgbà jù Bailey lọ lọ́pọ̀ ìgbà. Wọ́n á fi iná sun rìfẹ́ẹ̀tì náà títí á fi pọ́n, ẹnì kan á tì í sínú ihò, ẹnì kan á fi òòlù tẹ̀ ẹ́ lórí lódìkejì. Bó bá ti tutù, ó máa ń sún kì, á fún irin méjèèjì pọ̀ pinpin. Ìdí nìyẹn tí kì í fi tú bọ̀rọ̀.

Lọ wo ibi tí irin ti pàdé. Ṣé orí róbótó lo rí, àbí bóòtù àti nọ́ọ̀tì?

ỌmọẸ̀báOdò (Ìṣẹ́gun, 6:48 ìrọ̀lẹ́)

Mo ti oko bọ̀, mo yà síbẹ̀. Orí róbótó ni, ó rí bí orí olú kéékèèké. Mo ka ojú ìsopọ̀ kan: 38. Mẹ́ta ti já níbẹ̀. Ihò méjì, wọ́n ti fi bóòtù dí i. Ihò kẹta, ẹ má rẹ́rìn-ín, ẹnì kan gbẹ́ igi, ó gbá a wọ̀ ọ́.

Irin náà ti dógùn-ún nísàlẹ̀, níbi tí ewé àti ẹrẹ̀ máa ń kó jọ sí. Lókè, ara rẹ̀ ṣì dán. Ọ̀dà ewé tó wà lára rẹ̀ ti ń ṣí bí awọ alámù.

ṢòkòtòDẹ́nìmù (Ìṣẹ́gun, 6:55 ìrọ̀lẹ́)

Afárá tí wọ́n fi igi dí lẹ ní kí àwa máa gbà kọjá láti ọdún yìí. Ha.

BàbáRélùwéè (Ìṣẹ́gun, 9:10 alẹ́)

Ẹ̀yin ọmọ, ẹ kú ìrọ̀lẹ́. Ìsánlú ni mo fẹ̀yìn tì sí, ṣùgbọ́n ìdí irin ni mo ti lo ìgbà èwe mi, mo sì gbé Jẹ́bà pẹ́.

Reluwé láti Èkó dé etí Odò Ọya ní Jẹ́bà ní 1909. Kò sí afárá. Orí ọkọ̀ ojú omi ni wọ́n ń kó ọkọ̀ ojú irin lé, wọ́n á wà á sọdá díẹ̀díẹ̀. Omi ibẹ̀ kì í ṣe omi eré. Ibẹ̀ náà ni ọkọ̀ Dayspring tí Baikie, òyìnbó arìnrìn-àjò, àti Crowther bá wá ti fọ́ mọ́ àpáta ní 1857. Ọdún 1916 ni afárá onírin parí. Ẹni tí ò débẹ̀ rí á rò pé ọ̀kan ni. Erékùṣù wà láàárín odò, nítorí náà, afárá gba ibí dé erékùṣù, òmíràn tún gba ibẹ̀ lọ. Ọ̀pọ̀ ọdún ni mọ́tò àti reluwé jọ fi ń pín in lò. Bí reluwé bá ń bọ̀, wọ́n á ti géètì, lọ́rì á tò lọ bẹẹrẹ, àwọn ọlọ́jà á máa kiri, Ìyá Ẹlẹ́lùbọ́ mọ ohun tí mò ń wí. Nígbà tó yá ni mọ́tò ní afárá tirẹ̀. Ti irin kò kúrò níbẹ̀. Ó ti lé ní 100 ọdún.

Mo fẹ́ kí ẹ mọ ohun tó jẹ́ kó pẹ́. Ó ní àwọn tí iṣẹ́ wọn jẹ́ kìkì òun nìkan. A máa ń fi òòlù kékeré lu rìfẹ́ẹ̀tì kọ̀ọ̀kan, a ó sì dẹ etí. Èyí tó ṣì le á dún *kán!* Èyí tó ti tú nínú á dún *kọ́tọ́*, bí ìgbà tí o lu agbè tó sán. Ọ̀gá wa kì í wo ojú irin, ó máa ń kọ̀yìn sí i, kó lè gbọ́. A ó fi ẹfun yí èyí tó dún *kọ́tọ́* po, àwọn tó ń tún un ṣe á tẹ̀ lé wa. Bí a bá ti parí ní ìpẹ̀kun afárá, ọ̀dà tó wà ní ìbẹ̀rẹ̀ á ti tó kùn mìíràn. Irú iṣẹ́ kan náà ni wọ́n ń ṣe fún afárá Forth ní Scotland, èyí tí reluwé ń gbà láti 1890 títí di òní. UNESCO ti fi ìyẹn sínú ìwé ohun ìní àgbáyé ní 2015.

Kì í ṣe ọjọ́ orí ló ń pa irin. Bí kò bá ti sẹ́ni tó ń gbọ́ ohùn rẹ̀ mọ́, ó ti tán nìyẹn.

ṢòkòtòDẹ́nìmù (Ìṣẹ́gun, 9:21 alẹ́)

Bàbá, ẹ ṣeun, mo gbádùn ẹ̀ gan-an, kì í ṣe pé mò ń ṣe àfojúdi sí yín. Ṣùgbọ́n ti Jẹ́bà, reluwé ń gba orí rẹ̀. Tiwa, bí ti kọnkéré bá dé, kí ni yóò máa gba orí rẹ̀? Ewúrẹ́?

ÌyáẸlẹ́lùbọ́ (Ìṣẹ́gun, 9:26 alẹ́)

Ewúrẹ́ náà kì í wẹ odò.

ÀtẹOnitsha (Ọjọ́rú, 6:30 àárọ̀)

Ọmọ Mọ̀pà ni mí, Onitsha ni mo ti ń nájà. Ẹ jẹ́ kí n bá ọmọ Àbújá yẹn sọ̀rọ̀.

Afárá Onitsha sí Asaba, irin ni, 1965 ni wọ́n kọ́ ọ tán. Kò tíì pé ọdún mẹ́ta tí ogun fi dé. Ní oṣù Kẹwàá 1967, àwọn sójà Biafra fọ́ apá Onitsha dànù kí ti ìjọba àpapọ̀ má lè sọdá. Wọ́n tún un ṣe. Láti ìgbà náà, gbogbo ọkọ̀ tó ń lọ sí Ìlà Oòrùn lórí ọ̀nà yẹn, òun ló ń rù ú. Ní ìparí 2022 ni wọ́n kọ́kọ́ jẹ́ kí ọkọ̀ gba orí èkejì nítorí Kérésìmesì, 2023 ni wọ́n ṣí i ní gbangba. Èyí tuntun tóbi, ó dán, ó rẹwà. Ṣé wọ́n wá gé ti àtijọ́? Mo gba orí rẹ̀ ní ìjẹta.

Ẹ sì wo ti Èkó. Afárá Carter ti 1901, irin ni. Wọ́n tú u, wọ́n fi òmíràn rọ́pò ní ìparí àwọn ọdún 1970. Ẹni tó bá ń lọ Ìdúmọ̀tà lónìí á ní òun gba Carter kọjá. Orúkọ ló gbà kọjá.

ẸnjiníàOwé (Ọjọ́rú, 1:15 ọ̀sán)

Mo fara mọ́ Bàbá Rélùwéè, ṣùgbọ́n ẹ má jẹ́ kí ìfẹ́ ohun àtijọ́ pa ènìyàn. Ní Amẹ́ríkà, ọjọ́ 15 oṣù Kejìlá 1967, ọdún kan náà tí wọ́n fọ́ ti Onitsha, afárá kan tó ń jẹ́ Silver Bridge já sínú odò Ohio ní ìrọ̀lẹ́ tí ọkọ̀ kún orí rẹ̀. Ènìyàn 46 ló kú. Ọdún 39 péré ló ti lò. Irin kan ṣoṣo ló ya, ibi tó sì ti bẹ̀rẹ̀ sí í ya kò fẹ̀ tó mílímítà 3. Ojú ò lè rí i níbi tó wà. Nígbà tí wọ́n ṣe é, mọ́tò kéékèèké ló wà láyé. Nígbà tó já, ọkọ̀ ti wúwo ju ti ìgbà náà lọ fíìfíì. Tiwa náà nìyẹn. Àwọn tó fi rìfẹ́ẹ̀tì kàn án, lọ́rì tó gbé ẹ̀pà àti òwú ni wọ́n ní lọ́kàn. Wọn ò mọ̀ pé tírélà kajú àti ti símẹ́ńtì ń bọ̀.

Ohun méjì ni mo máa fẹ́ kí ẹ wò. Àkọ́kọ́ ni ìpáàrà tó wọ àárín irin méjì tó lẹ̀ pọ̀. Ó máa ń wú níbẹ̀, á sì máa ti irin kúrò lára ara wọn títí rìfẹ́ẹ̀tì á fi já. Bóyá ohun tó já mẹ́ta tí o rí nìyẹn. Èkejì kò sí lókè rárá, ìdí òpó ni. ỌmọẸ̀báOdò, ṣé wọ́n ń wa yanrìn nítòsí ibẹ̀?

ỌmọẸ̀báOdò (Ọjọ́rú, 7:02 alẹ́)

Wọ́n ń wà á. Lábẹ́ rẹ̀ gan-an. Típà mẹ́ta sí mẹ́rin lóòjọ́ nígbà ẹ̀ẹ̀rùn. Nígbà tí mo wà ní kékeré, bí a bá lọ wẹ̀, kọnkéré ìdí òpó kì í yọ jáde. Nísinsin yìí, mo lè dúró kí n fi ọwọ́ kan ìsàlẹ̀ rẹ̀, àlàfo ti wà lábẹ́ rẹ̀ tí ọmọdé lè rá wọ̀.

ẸnjiníàOwé (Ọjọ́rú, 7:10 alẹ́)

Ẹ dá wọn dúró ná. Irin lè ṣe dáadáa kí odò sì jẹ ilẹ̀ lábẹ́ rẹ̀. Kí ẹ tó gbé owó ọ̀dà kankan sílẹ̀, òkúta ni kí ẹ kọ́kọ́ dà sí ìdí òpó yẹn.

Sí ìbéèrè ewúrẹ́: bí mọ́tò bá kúrò lórí rẹ̀, tí ó ku ẹlẹ́sẹ̀, kẹ̀kẹ́ àti ọ̀kadà, ẹrù tó ń rù kò ní ju ìwọ̀nba kékeré nínú ti tẹ́lẹ̀. Òpó kúkúrú méjì lẹ́nu rẹ̀ níhìn-ín, méjì lọ́hùn-ún, kí mọ́tò má lè wọ̀. Ìyẹn nìkan lè fi ọ̀pọ̀ ọdún kún ọjọ́ ayé rẹ̀. Ìlú á tún ní ọ̀nà ìsádi. Ẹ rántí 2022 tí omi bo ọ̀nà Lọ́kọ́jà sí Àbújá ní Kótónkárífè, bí ọkọ̀ ṣe ń sùn lójú ọ̀nà. Kí ìlú ní afárá méjì kì í ṣe àṣejù.

ṢòkòtòDẹ́nìmù (Ọjọ́rú, 7:14 alẹ́)

Ọjọ́ méjì ni mo sùn sójú ọ̀nà ní 2022 yẹn. Ó dáa, ẹ ti mú mi níbẹ̀ yẹn.

Lọ́yàÌjùmú (Ọjọ́bọ̀, 10:20 àárọ̀)

Ẹ jẹ́ ká padà sí ìbéèrè àkọ́kọ́, ta ló ni ín, torí gbogbo èyí tí ẹ ń sọ rọ̀ mọ́ ọn.

Ọ̀nà ní Nàìjíríà jẹ́ ti ìjọba àpapọ̀, ti ìpínlẹ̀, tàbí ti ìjọba ìbílẹ̀. Ọ̀nà ńlá tó ti Ìlọrin gba Ọmù-Àrán wá sí Kàbà, ti ìjọba àpapọ̀ ni. Ọ̀nà oko tó yà lára rẹ̀ kì í sábà jẹ́ tiwọn. Ṣùgbọ́n ẹ wo bí ìwé ṣe rìn. Ìgbà òyìnbó, àwọn PWD (ẹ̀ka iṣẹ́ òde ti ìjọba) tàbí N.A. (ìjọba ìbílẹ̀ ìgbà náà) ló ń ṣe afárá. Kàbà wà lábẹ́ Àríwá. Ní 1967 a di ara ìpínlẹ̀ tó wá ń jẹ́ Kwara. Ní ọjọ́ 27 oṣù Kẹjọ 1991, wọ́n yọ wá kúrò níbẹ̀, a di Kogí. Ìgbàkígbà tí wọ́n bá ń kó ọ́fíìsì, fáìlì kan máa ń ṣẹ́kù sẹ́yìn ilẹ̀kùn. Ewúrẹ́ tó bá ní olówó mẹ́rin, ebi ló ń pa á sórí ìso.

Nítorí náà, ẹ má bá kọngílá jà, kò mọ nǹkan kan. Ẹ kọ lẹ́tà sí kánsù, kí ẹ fi ẹ̀dà ránṣẹ́ sí ilé iṣẹ́ ìjọba tó ń mójú tó iṣẹ́ òde ní Lọ́kọ́jà, kí wọ́n dáhùn ní kíkọ: ṣé afárá yìí wà nínú ìwé ohun ìní wọn, bẹ́ẹ̀ ni tàbí bẹ́ẹ̀ kọ́? Bí ó bá jẹ́ ohun ìní ìjọba, ẹnikẹ́ni ò kàn lè gé e tà lóru; títa ohun ìní ìjọba ní ìlànà, gbangba ni wọ́n ti ń ṣe é. Ti ìjọba àpapọ̀, òfin 2007 tó wà fún rírà àti iṣẹ́ ìjọba sọ̀rọ̀ nípa títa pẹ̀lú. Bí wọ́n bá ní kì í ṣe tiwọn, ó tún dáa bẹ́ẹ̀. Kí ìlú ní ó jẹ́ tàwọn, kí wọ́n kọ ọ́ sílẹ̀ níbi ìpàdé, kí gbogbo adúgbò fọwọ́ sí i.

Àjọ tó ń rí sí ilé ohun àtijọ́ àti ohun ìrántí ló ń mójú tó bí wọ́n ṣe ń kéde ohun kan bí ohun ìrántí orílẹ̀-èdè, láti 1979. Kì í yá o. Ṣùgbọ́n lẹ́tà àti fọ́tò ò wọ́n. Lọ́kọ́jà nítòsí wa yìí, irin méjì tí wọ́n rì mọ́lẹ̀ lọ́gbà ilé ìwé Holy Trinity, ni àwọn ènìyàn ń wọkọ̀ lọ wò, torí wọ́n ní ibẹ̀ ni àwọn ẹrú gbà kọjá sínú òmìnira.

ṢòkòtòDẹ́nìmù (Ọjọ́bọ̀, 10:41 àárọ̀)

Lọ́yà, irin yẹn, ẹrú gbà á kọjá di ọmọ. Tiwa, iṣu gbà á kọjá di èlùbọ́.

ÌyáẸlẹ́lùbọ́ (Ọjọ́bọ̀, 11:00 àárọ̀)

Mo gbọ́ ọ o. Wá ra èlùbọ́ lọ́dọ̀ mi ní Kérésìmesì, ìwọ á rí i.

JórinjórinMọ̀pà (Ọjọ́bọ̀, 9:50 alẹ́)

Mo ti ń kà á láti Ajé, mo dákẹ́. Nǹkan kan wà tí mo fẹ́ sọ, ẹ má bú mi.

Gbogbo yín ń sọ̀rọ̀ bíi pé ọ̀la ni wọ́n máa bẹ̀rẹ̀ sí í gé afárá yẹn. Ó ti pẹ́ tí wọ́n ti ń gé e. Irin ìfọwọ́tì tó wà lápá ọ̀tún, ṣé ẹ rántí pé ó gùn dé òpin nígbà kan? Àwọn ọmọ kan ló ń fi ayùn irin gé e lóru, wọ́n ń gbé e fún àwọn babańbólà. Kílò ni wọ́n fi ń ra ìyẹn. Wọ́n á kó o lọ síbi tí wọ́n á ti yọ́ ọ, ó di ọ̀pá irin ilé alájà méjì. Ní nǹkan bí ọdún mẹ́jọ sẹ́yìn, wọ́n gbé mẹ́ta nínú rẹ̀ wá sí ṣọ́ọ̀bù mi. Mo mọ ibi tó ti wá. Mo rà á. Irin tó dáa ni, mo ní ó sàn kó wà lọ́dọ̀ mi ju kí wọ́n yọ́ ọ. Mo fi ṣe géètì ilé mi. Nígbà tí mo fẹ́ jó o, iná wẹ́dà mi ò kọ́kọ́ mú un, irú irin yẹn ò jọ èyí tí a ń rà lọ́jà báyìí. Àwọn ọmọ mi ló ń rọ̀ mọ́ ọn.

Ìpínlẹ̀ tó ní irin nínú ilẹ̀ ní Itakpe, tó ní Ajaokuta tí wọ́n ti bẹ̀rẹ̀ sí í kọ́ láti nǹkan bí 1980, òun ló wá ń fi ayùn gé ìfọwọ́tì afárá lóru. Bí ọ̀bẹ ti mú tó, kò lè gbẹ́ èkù ara rẹ̀.

Bí ìlú bá ní àwọn fẹ́ tọ́jú rẹ̀, màá tú géètì mi. Màá jó o padà lọ́fẹ̀ẹ́. Ẹ má dárúkọ mi.

ÀtẹOnitsha (Ọjọ́bọ̀, 10:02 alẹ́)

Géètì onírin dúdú tó ní ìràwọ̀ lórí, ẹ̀gbẹ́ ilé epo? Mo ti ń wò ó láti ọjọ́ yìí!

JórinjórinMọ̀pà (Ọjọ́bọ̀, 10:04 alẹ́)

Mo ní ẹ má dárúkọ mi.

BàbáRélùwéè (Ẹtì, 6:15 àárọ̀)

Ọmọ mi, ìwọ tó o ṣe géètì, o ṣe ohun tí ọ̀pọ̀ ò lè ṣe bí o ṣe sọ ọ́ jáde yẹn. Ẹ fi í sílẹ̀.

ỌmọẸ̀báOdò, lọ wo òpó àkọ́kọ́ lẹ́nu afárá, lápá ibi tí oòrùn ti ń là, ní ìwọ̀n gíga àyà ọkùnrin. Ibẹ̀ ni wọ́n sábà máa ń lẹ àwo irin kékeré mọ́, tí orúkọ ẹni tó rọ ọ́ àti ọdún wà lára rẹ̀. Ọ̀dà lè ti bò ó. Mú kẹrosíìnì àti búrọ́ọ̀ṣì onírin dání. Sì mú òòlù kékeré, kì í ṣe òòlù káfíńtà o, èyí tó fúyẹ́ ni. Máa lù ú láti ìsàlẹ̀ lọ sókè. Kọ nọ́ńbà èyí tó bá dún *kọ́tọ́* sílẹ̀. Bí o bá dé ìpàdé lọ́la, àwọn tó fẹ́ tà á á ní ó ti jẹrà. Ìwé lo máa fi dá wọn lóhùn.

Lọ́yàÌjùmú (Ẹtì, 8:30 àárọ̀)

Kó ya fọ́tò X pupa yẹn náà kí òjò tó fọ̀ ọ́. Mo ti kọ lẹ́tà kánsù, mo ti fi ránṣẹ́ sí i. Àyè tí ẹ máa kọ ọdún afárá sí nìkan ni mo fi sílẹ̀ lófìfo.

ỌmọẸ̀báOdò (Ẹtì, 8:17 alẹ́)

Mo débẹ̀ ní aago mẹ́rin. Àwo wà níbẹ̀, Bàbá, ibi tí ẹ wí gan-an. Ọ̀dà tó wà lórí rẹ̀ tó ìpele mẹ́rin: ewé, eérú, ewé, pupa tó dà bí àlùkò. Mo fi kẹrosíìnì pa á, mo fi ọ̀bẹ họ ọ́ títí ọwọ́ mi fi bó. Ìlà òkè ti jẹrà, mi ò rí nǹkan kan kà níbẹ̀. Ìlà ìsàlẹ̀ hàn: ENGLAND. Ọdún náà, 19 ló ṣẹ́kù, ihò ìbọn wà níbi tí nọ́ńbà méjì ìyókù yẹ kó wà. Ọdẹ kan ti fi dánra wò.

Àwọn ìyá ẹnu afárá wá dúró tì mí. Ọ̀kan di iná tọ́ọ̀ṣì mú fún mi nígbà tí ilẹ̀ ń ṣú. Àwọn oníyanrìn náà dá iṣẹ́ dúró láti wò mí, mo sì bá ọ̀gá wọn sọ̀rọ̀ ìdí òpó. Ó ní òun á sún sísàlẹ̀ odò bí kánsù bá gbà fún òun níbẹ̀. Mi ò mọ̀ bóyá á ṣe é.

Mo lu 61. Márùn-ún ló dún *kọ́tọ́*, mo ti fi ẹfun yí wọn po, mo sì ti kọ wọ́n sínú ìwé. Èyí tí wọ́n fi igi dí, mi ò mọ ohun tí màá kọ sí i. Pákó ló dún.